Ẹni jẹ́jẹ́ ni mí, iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ ni?

TíṣàṢómólú (Ọjọ́ Àìkú, aago 8:40 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láìdá sí i, ṣùgbọ́n èyí tó wà lọ́kàn mi lónìí, mi ò lè dá a gbé.

Ọdún keje mi nìyí nídìí iṣẹ́ olùkọ́. Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ JSS 2 àti JSS 3 ní ilé ìwé ìjọba kan lágbègbè Ṣómólú. Kíláàsì mi tó kún jù, ọmọ 70 ló wà níbẹ̀. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé iṣẹ́ ló sú mi.

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n bí mi. Bí wọ́n bá mú mi lọ síbi ìkómọ ní kékeré, ẹ̀yìnkùlé lọ́dọ̀ àwọn tó ń dáná ni wọ́n ti máa ń rí mi, tí mò ń bá wọn ṣa òkúta inú ìrẹsì, torí ẹni tó bá ń ṣa ìrẹsì, kò sẹ́ni tó ń bi í ní ìbéèrè. Kì í sì í ṣe pé ẹ̀rù èèyàn ń bà mí. Bí mo bá mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ níwájú kíláàsì, ohùn mi ń dé ìlà ẹ̀yìn, ọmọ ń rẹ́rìn-ín, ọmọ ń dáhùn. Wàhálà mi, ìgbà tí agogo bíréèkì bá dún ló ń bẹ̀rẹ̀.

Yàrá àwọn olùkọ́ wa, èèyàn mẹ́rìnlélógún ló ń lò ó. Ẹnì kan ń ta léèsì láwìn, ẹnì kan ń gba owó àjọ, àwọn méjì ń bára wọn jiyàn lórí bọ́ọ̀lù àná, rédíò náà ń sọ tiẹ̀. Mo ti sọ̀rọ̀ fún píríọ́ọ̀dù mẹ́ta gbáko kí n tó débẹ̀, orí mi á ti máa hó. Ohun tí mo ń wá ò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ mi. Mo wá rí yàrá kan lẹ́yìn ilé ìwé tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí. Ibẹ̀ ni mo máa ń gbé ìwé àwọn ọmọ lọ, màá fi àga kan ti ilẹ̀kùn, màá máa máàkì. Bí mo bá fi máa jáde, ara mi á ti padà bọ̀ sípò.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá àgbà wa pè mí nítorí ìwé àyẹ̀wò ọdọọdún. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo mọ iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn gbé. Ó ní àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń sọ pé mo gbéraga, pé mò ń sá fún wọn, pé mò ń dá jẹun. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó láàárín wa. Kí wọ́n pe èèyàn ní ọ̀lẹ sàn ju kí wọ́n pè é ní agbéraga. Gbogbo àárọ̀ ni mò ń kí wọn! Mi ò rí nǹkan kan sọ. Bíírò tó fi kọ ọ́ ni mo tẹjú mọ́.

Mo wọ dáńfó ní Onípanu lọ́jọ́ náà, kọ̀ńdọ́ ń kígbe sí mi létí títí a fi dé Ìpàjà. Bí mo ṣe wọlé, ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, ní kí n wá pàlọ́ fún òun. Mi ò rí ohùn. Mo ní kó di ọ̀la. Ojú tó fi wò mí ṣì wà lọ́kàn mi di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ̀gbọ́n mi ti bá mi rí iṣẹ́ ní Àpápá, ní ọ́fíìsì àwọn tó ń báni kó ẹrù jáde ní wáàfù. Ìdí kọ̀ǹpútà ni màá jókòó sí, màá máa ṣírò owó. Ìparí oṣù ni wọ́n ń retí èsì. Ṣé irú èmi lè pẹ́ nídìí iṣẹ́ tíṣà, àbí kí n gba Àpápá lọ?

ỌmọÌdúmọ̀tà (aago 9:05 alẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà. Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ, òótọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ọjà ni mò ń tà, mo sì mọ̀ pé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó ń gbà lára èèyàn. Ẹni tí ariwo ń rẹ̀ kì í gba ṣọ́ọ̀bù ní Ìdúmọ̀tà. Iṣẹ́ ẹnu ni iṣẹ́ tíṣà. Lọ́dún tó kọjá, tíṣà tó ń kọ́ ọmọ mi ní ìṣirò, jẹ́jẹ́ lòun náà bíi tiyín. Ọmọ ò gbọ́ ohun tó ń sọ, a sì fi odindi ọdún kan ṣòfò. Ẹ gba iṣẹ́ Àpápá. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

ÀǹtíBàrígà (aago 9:31 alẹ́)

Ọmọ Ìdúmọ̀tà, ẹni tí ohùn rẹ̀ ò jáde àti ẹni tí ariwo ń rẹ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Tíṣà ti sọ pé ohùn òun ń dé ẹ̀yìn.

Bọ̀dá tíṣà, ẹ̀yin tiẹ̀ rí yàrá àga tó kán. Ilé ìwé aládàáni ni mo ti ń kọ́ni, Primary 3. Aago 7 àárọ̀ ni mo gbọ́dọ̀ ti wà ní géètì, kí n máa kí àwọn òbí lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹ káàárọ̀ mà, ẹ káàárọ̀ sà, ikọ́ ọmọ wa ńkọ́? Bíréèkì àwọn ọmọ ni bíréèkì tèmi, inú kíláàsì kan náà la ti ń jẹun, èmi ni mò ń ṣí ìdérí kúlà wọn. Bó bá di alẹ́, gúrúùpù WhatsApp àwọn òbí á bẹ̀rẹ̀. Àǹtí, kí ni wọ́n ní kí wọ́n ṣe wá? Àǹtí, ọmọ mi ò rí pẹ́ńsù rẹ̀ mú bọ̀. Aago 10 á lù, wọ́n ṣì ń pe Àǹtí.

Ọjọ́ kan wà tí mo lọ jókòó sínú ilé ìyàgbẹ́ ilé ìwé wa, kì í ṣe pé ìtọ̀ ń gbọ̀n mí. Mo kàn fẹ́ gbọ́ bí ibi tó pa rọ́rọ́ ṣe ń rí ni. Omi ń kán sínú báàkẹ́ẹ̀tì, tó, tó, tó. Mo ka ọgọ́ta kí n tó dìde. Mi ò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí.

Àwọn ọmọ kọ́ ló ń rẹ̀ mí o. Ọmọ á bi ẹ́ ní ohun tó fẹ́ mọ̀, bó bá ti gbọ́, ó ti sá lọ. Àgbà ló máa fẹ́ kó o rẹ́rìn-ín, kó o dá sí i, kó o tún sọ ohun tójú ẹ rí lánàá.

Akẹ́kọ̀ọ́Akọká (aago 10:12 alẹ́)

Ọ̀rọ̀ Àǹtí yìí ló ká mi lára tí mo fi dá sí i. Ẹ̀kọ́ nípa ìṣesí ẹ̀dá ni mò ń kà ní Akọká. Ohun tí tíṣà ń sọ yìí lórúkọ: introvert ni wọ́n ń pè é. Carl Jung, dókítà ọpọlọ ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ló sọ ọ̀rọ̀ náà di ohun tí gbogbo ayé mọ̀, nínú ìwé kan tó gbé jáde ní 1921. Ó ní àwọn kan wà tí ọkàn wọn ń fà sínú, àwọn kan wà tí tiwọn ń fà síta, pé méjèèjì ló sì wà lára gbogbo wa, ọ̀kan ló kàn máa ń borí. Kò pè é ní àìsàn. Kì í sì í ṣe ìtìjú. Onítìjú ń bẹ̀rù ohun táwọn èèyàn máa rò nípa òun. Ẹni jẹ́jẹ́ lè má bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, àárín èrò ló kàn ń tán an lókun, ibi tó ti dá wà ló sì ti ń rí okun náà gbà padà.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ ọ̀kan tó kan kíláàsì gan-an. Láwọn ọdún 1970, obìnrin olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà, Mary Budd Rowe, wo bí àwọn tíṣà ṣe ń béèrè ìbéèrè. Bí wọ́n bá béèrè tán, ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni wọ́n ń dúró kí wọ́n tó pe ẹlòmíì tàbí kí wọ́n dáhùn fúnra wọn. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tó ń sọ pé àwọn ò mọ̀ ọ́n dín kù, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lanu. Ta ló máa rọrùn fún láti dúró bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe ẹni tí kò bẹ̀rù ibi tó dákẹ́?

ỌmọÌdúmọ̀tà (aago 10:20 alẹ́)

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà nìyẹn. Dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta níwájú ọmọ 70 ní Ṣómólú, wọ́n á ti dìde lórí àga.

ÌyáOlùkọ́ (Ọjọ́ Ajé, aago 5:50 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ka gbogbo rẹ̀ tán kí n tó sùn, mi ò lè dáhùn lóru torí ojú mi.

Ọdún 35 ni mo fi kọ́ni, láti 1974 di 2009. Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Kíláàsì ò kárí ọmọ nígbà yẹn, àwọn kan ń wá láàárọ̀, àwọn kan ń wá lọ́sàn-án, wọ́n sì ń jókòó sórí àga kan náà. Ìgbà tí Alhaji Lateef Jakande di gómìnà ní 1979 ló kọ́ kíláàsì káàkiri Èkó, tó fòpin sí ọ̀rọ̀ àárọ̀-ọ̀sán yẹn. Ọmọ Ìdúmọ̀tà, mo ti kọ́ kíláàsì tó kún ju ti tíṣà yìí lọ, èmi náà kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àǹtí Ojú ni wọ́n ń pè mí. Bí àwọn ọmọ bá ń pariwo, mi ò ní kígbe lé wọn lórí. Màá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó, màá máa wò wọ́n. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí mi á fi ìgbọ̀nwọ́ gún ẹnìkejì, "Àǹtí ń wò wá." Kí n tó ka ogún, kíláàsì á ti pa lọ́lọ́. Tíṣà tó wà lógiri kejì ń fi pàṣán na tábìlì látàárọ̀, bó bá fi máa di Ọjọ́bọ̀, ohùn rẹ̀ á ti há. Ojú la fi ń bá ọmọ tó gbọ́n wí, àwọn ọmọ wa sì gbọ́n.

Ṣùgbọ́n tíṣà, ọmọ mi, jẹ́ kí n bá ẹ sọ ọ́ bí ìyá. O ní gbogbo àárọ̀ lò ń kí wọn. Báwo lo ṣe ń kí wọn? Bó o bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tó o ní "ẹ káàárọ̀ o, gbogbo ilé," tó o sì lọ jókòó, o ò tíì kí ẹnikẹ́ni. Kálukú ló ni ìkíni tiẹ̀. Èmi máa ń dé ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú agogo. Màá lọ bá èyí tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn: ara ọmọ ńkọ́? Màá lọ bá èyí tó ń kọ́lé ní Ìkòròdú: ẹ kú iṣẹ́ ilé o, ẹ ti kan páànù? Gbólóhùn kan lásán ni, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé mo rántí òun. Bí mo bá wá gbé ìwé mi lọ sábẹ́ igi fúrúùtù ní bíréèkì, àwọn gan-an ló máa ń dá àwọn tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi dúró: "Ẹ fi í sílẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Ìkíni àárọ̀ yẹn ni mo fi ra ìsinmi ọ̀sán mi.

Àti pé sọ fún wọn níbi tó ò ń lọ. Ẹni tó bá yọ́ jáde láìsọ nǹkan kan, àwọn tó kù á fi ìtàn tó bá wù wọ́n dí i.

Ní ti ọmọ ẹ. Ọmọ mẹ́rin ni mo tọ́. Bí mo bá ti délé, màá ní, "Ẹ jẹ́ kí Màámi wẹ̀ ná." Wọ́n mọ̀ pé bí mo bá ti jáde nílé ìwẹ̀, tiwọn ni mí títí wọ́n á fi sùn. Má sọ pé ó di ọ̀la fún ọmọ ọdún mẹ́rin. Kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ ọ̀la.

KóòpàMushin (aago 7:15 àárọ̀)

Ẹ ṣé mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀sẹ̀ kẹta mi nìyí nílé ìwé tí wọ́n gbé mi lọ, wọ́n ní èmi ni màá darí ásẹ́ńbílì ní Ọjọ́rú. Inú mi ń ru látàná. Kí ni kí n ṣe?

ÀǹtíBàrígà (aago 1:02 ọ̀sán)

Kóòpà, má dá a ṣe. Yan ọmọ mẹ́ta lónìí: ọ̀kan á gbé orin, ọ̀kan á gbàdúrà, ọ̀kan á ka ìròyìn. Tìẹ ò gbọ́dọ̀ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ, kó o sì kọ ọ́ sínú ìwé, má rò pé wàá rántí. Ìlà tó wà lẹ́yìn pátápátá ni kó o tẹjú mọ́. Bó o bá parí, sọ̀ kalẹ̀.

ÌyáYábàá (aago 4:26 ìrọ̀lẹ́)

Òbí ni mí, mi ò kì í ṣe tíṣà, ṣùgbọ́n mo ní láti sọ èyí.

Ọmọbìnrin mi kì í sọ̀rọ̀ níta. Láti Primary 1 ni wọ́n ti ń kọ ohun kan náà sínú ìwé èsì rẹ̀: ó dákẹ́ jù, kó máa dá sí ọ̀rọ̀ kíláàsì. Bàbá rẹ̀ á kà á jáde, ọmọ á sì tẹrí ba bíi pé ó jalè. Ó gba ipò kejì, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà níbẹ̀. Èmi náà ti bá a wí rí, mo ní, "Ṣé o ò lẹ́nu ni?" Ó máa ń dùn mí bí mo bá rántí.

Nígbà tó dé JSS 1, ó bọ́ sọ́wọ́ tíṣà Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì kan, ọ̀dọ́mọbìnrin jẹ́jẹ́ báyìí. Tíṣà náà gbé páálí bàtà kan sórí tábìlì rẹ̀, ó lu ihò sí ìdérí rẹ̀, ó ní ẹni tó bá ní ìbéèrè tí kò lè sọ jáde, kó kọ ọ́ kó jù ú síbẹ̀. Ọmọ mi ju ìbéèrè mọ́kànlá síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan. Mọ́kànlá! Ọ̀kan nínú wọn ni ìdí tí omi òkun fi níyọ̀ tí òjò kò fi níyọ̀. Tíṣà dáhùn gbogbo rẹ̀ láìdárúkọ ẹni tó kọ ọ́. Ìwé èsì ìparí táàmù yẹn, ohun tí tíṣà náà kọ ni pé: "Ó máa ń ronú kó tó sọ̀rọ̀." Bàbá rẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ní 5 Oṣù Kẹwàá tó tẹ̀ lé e, Àyájọ́ Àwọn Olùkọ́ Lágbàáyé, ọmọ mi kọ lẹ́tà ojú ewé méjì fún un, ó sì gbé e fún un fúnra rẹ̀.

Tíṣà Ṣómólú, nínú ọmọ 70 yẹn, mélòó ló dà bíi tèmi? Bẹ́ ẹ bá lọ Àpápá, ta ló máa rí wọn?

TíṣàṢómólú (aago 9:48 alẹ́)

Ẹ ṣé, ẹ ṣé púpọ̀. Mo ka ti Ìyá Yábàá fún ìyàwó mi, a ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá wa Olùkọ́, ẹ káre mà. Òótọ́ ni, ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń kí wọn. Ọdún keje rèé, mi ò mọ orúkọ ọmọ ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọmọ Ìdúmọ̀tà, mi ò bínú sí yín rárá, ọ̀rọ̀ ọmọ yín dùn mí. Màá padà wá.

TíṣàṢómólú (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, aago 7:10 alẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní màá padà wá.

Mo kọ́kọ́ gbìyànjú ti ìṣẹ́jú àáyá. Mo kọ 2x + 6 = 20 sójú pátákó, mo ní kí la máa kọ́kọ́ ṣe. Àwọn márùn-ún tó máa ń nawọ́ ti ń na ara wọn jáde lórí àga: "Sà! Èmi, sà!" Mo ní kí wọ́n sọwọ́ kalẹ̀, pé màá ka mẹ́wàá sínú kí n tó pe ẹnikẹ́ni. Ọmọ Ìdúmọ̀tà, ariwo sọ lóòótọ́ bí ẹ ṣe wí. Mo dúró, mò ń wò wọ́n, bíi ti Àǹtí Ojú. Ní ìkẹfà, ariwo lọ sílẹ̀. Ní ìkẹjọ, ọmọkùnrin kan tó ń jókòó lẹ́bàá wíńdò gbé ọwọ́ sókè dé èjìká, kò gbé e kọjá ibẹ̀. Mi ò gbọ́ ohùn ọmọ yẹn rí láti oṣù Kẹsàn-án. Ó ní, "A máa yọ 6 lápá méjèèjì, sà." Mo ní kí ló wá kù? Ó ní 14. Mo ní kí ni x? Ó wo ìwé rẹ̀, ó wò mí, ó ní 7. Mo kọ ọ́ sójú pátákó, mi ò yíjú padà kíákíá, torí ojú mi ti kún.

Mo ti ń tètè dé láàárọ̀. Mo ti mọ̀ báyìí pé ọ̀gbẹ́ni tó máa ń jiyàn bọ́ọ̀lù yẹn, ìyá rẹ̀ ló ń tọ́jú, àrùn rọpárọsẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ sọ fún mi lánàá pé, "Tíṣà, ẹ lọ sinmi." Obìnrin tó ń ta léèsì ò tíì dá mi lóhùn dáadáa. Mi ò fipá mú un.

Mo lọ bá ọ̀gá àgbà. Mo sọ ibi tí mo máa ń lọ fún un àti ìdí tí mo fi ń lọ. Kò yí ohun tó kọ padà, ó sọ fún mi lójú pé kò ní yí i padà lọ́dún yìí. Ṣùgbọ́n ó ní ìṣó pọ̀ jù lára àwọn àga yẹn, ó sì fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkàwé tó jẹ́ pé ìgbà tí àwọn alábòójútó bá ń bọ̀ nìkan ni wọ́n ń ṣí i. Ó ní kí n jẹ́ kí ọmọ tó bá fẹ́ kàwé ní bíréèkì wọlé. Àwọn mẹ́rin ló ń wá. Wọn kì í sọ̀rọ̀, èmi náà kì í sọ̀rọ̀.

Mo ti kọ̀wé sí Àpápá pé mi ò wá mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi bínú, ọjọ́ kẹrin nìyí tí kò pè mí.

Ní ilé, mo sọ fún ọmọ mi pé kí Dádì wẹ̀ ná. Ó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, á máa fi ìka kan ilẹ̀kùn: "Dádì, ẹ ti fọ ẹsẹ̀? Ẹ ti fọ ẹ̀yìn?" Ó ti ju àlọ́ Ìjàpá mẹ́sàn-án lọ tí mo ti pa.

KóòpàMushin (aago 7:44 alẹ́)

Ẹ kú oríire, sà. Gbólóhùn mẹ́ta náà ni mo sọ. Ẹsẹ̀ mi gbọ̀n, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ tán.

ỌmọÌdúmọ̀tà (aago 8:30 alẹ́)

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa ń ṣe lẹ́sìn? JSS 3 ni ọmọ mi wà báyìí, ìṣirò ṣì ń dà á láàmú.

TíṣàṢómólú (aago 8:52 alẹ́)

Ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan, láti aago 10 sí 12, ọmọ mẹ́rin péré, mi ò lè gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Ẹ mú un wá.